Ìwé Eyín Kọ́kọ́rọ́

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ni ìsọ̀ Baba Oníkọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó bá ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún tí Baba ti lò níbẹ̀ ti jẹ́ kí orí rẹ̀ mọ ibi tí òrùlé ti rẹlẹ̀, bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Lára ògiri ọ̀tún ni àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín so rọ̀ sí, ní ìlà ní ìlà. Ẹ̀rọ tó fi ń gé wọn wà lápá òsì. Nílẹ̀, lẹ́yìn àga rẹ̀, ni àpótí irin kékeré kan wà tí kì í ṣí níṣojú oníbàárà.

Inú àpótí yẹn ni ìwé eyín máa ń wà.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi àṣà ìwé náà mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá gé, wọn a gbé e lé orí ìwé, wọn a fi pẹ́ńsù tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí gbogbo eyín rẹ̀ yóò fi hàn, wọn a wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà àti ọjọ́ tí wọ́n gé e sí abẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń tẹ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ìwé náà lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fa ewé yọ. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ pé ó gé èyí tí kò yẹ, ìwé eyín ni yóò gbé síwájú ẹgbẹ́. “Kọ́kọ́rọ́ tí o kò bá kọ sílẹ̀,” ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń wí, “o jí i ni.” Baba Oníkọ́kọ́rọ́ ti kọ ìwé mẹ́rìnlá kún. Ọwọ́ rẹ̀ a máa kọ ọ́ láì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí kì í sì í rántí pé òun ti tì í.

Fóònù dé bá a lágbà. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kejì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà, ló rà á fún un, ló sì fi áàpù tí gbogbo ayé ń lò sí i. Baba sọ áàpù náà ní Ọjà, nítorí kò sí ẹni tí èèyàn ń wá tí kò ní bá níbẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ láti ilé wọn: “Bàbá, irú èyí ló bàjẹ́, ẹ bá mi mú un bọ̀.” Iṣẹ́ rọrùn. Nítorí pé ìka rẹ̀ wúwo lórí lẹ́tà, ohùn ló máa ń fi dáhùn, a sì máa kígbe sínú fóònù bí ẹni ń pe èèyàn ní òdìkejì odò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dókítà wọ ìsọ̀, ó na fóònù sí i lójú.

“Bàbá, ta ló ya fọ́tò yìí?”

Baba wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ni, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, eyín ọmọ náà méjèèjì hàn. “Ìyá rẹ ni.”

“Ta ló fi í síbi tí gbogbo ẹbí wà, tí ẹni ogójì ń wò ó?”

“Èmi ni. Ṣé ọmọ náà ò rẹwà ni?”

“Ó rẹwà. Ẹ má wo ọmọ. Ẹ wo ìbàdí yín.”

Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí ìbàdí Baba fi gba gbogbo ojú fóònù. Ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so rọ̀ níbẹ̀, eyín wọn mọ́ kedere. Dókítà mú kọ́kọ́rọ́ kan tí kò ní eyín lára ògiri, ó fi rúlà wọn nǹkan lójú fóònù, ó tan ẹ̀rọ. Baba jókòó, ó ń wò ó. Kò tó ìdajì wákàtí tí ọmọ náà fi kúnlẹ̀ síwájú àpótí irin, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ṣí i.

Baba yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi ìka tọ́ eyín rẹ̀ wò. “Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí?”

“Ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo kéré, ẹ ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ sí igun yẹn. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Mò ń wò yín.”

Ọjọ́ yẹn ló ṣàlàyé fún un pé ohun tó bá ti wọ Ọjà kì í tètè jáde. Fọ́tò a máa wà nínú fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tó gbà á. Ẹ̀dà rẹ̀ a tún wà níbi tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ẹni tó bá sì rí fóònù èèyàn mú fún ìṣẹ́jú méjì lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó máa ka gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Dókítà fi áàpù mìíràn sínú fóònù náà, ó sì tò ó débi pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ yóò pa rẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà.

“Lọ́dọ̀ mi nìkan?”

“Lọ́dọ̀ yín, àti lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ sọ̀rọ̀. Bí ẹni pé ẹ ò sọ ọ́ rí.”

Baba fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Bí ẹnìkan bá wá ní òun ò rán mi níṣẹ́ tó rán mi ńkọ́?”

“Ibẹ̀ ló ti le. Èyí tó ń pa á rẹ́ ò ní lè bá yín jẹ́rìí. Èyí tó lè jẹ́rìí fún yín, ó lè jẹ́rìí takò yín, ó sì lè rojọ́ yín fún ẹlòmíì. Àfi tí èèyàn bá fi fóònù mìíràn ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà kó tó lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dalẹ̀.”

Baba sọ áàpù kejì ní Ìyẹ̀wù. Oníbàárà tó gbà láti bá a wọ ibẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Àwọn tó kù ń bi í pé, “Bàbá, kí ni mo jí tí mo fẹ́ máa sá pamọ́?” Ó fi wọ́n sílẹ̀ sí Ọjà. Ẹsẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan wà níhìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mẹ́séèjì wọlé láti Ọjà: “Ẹ káàsán, Bàbá. Mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan.” Tíṣà ni. Baba mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé káàkiri àdúgbò ni ọkọ rẹ̀, láti ọwọ́ ọkùnrin náà sì ni ìdajì iṣẹ́ Baba ti ń wá. Baba fi ohùn dáhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: “Tíṣà, ẹ káàsán. Ẹ má sọ ọ́ síbí. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi kejì yẹn.” Bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń lo Ìyẹ̀wù nìyẹn; kò sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Nínú Ìyẹ̀wù, fọ́tò ilẹ̀kùn kan wọlé, àdírẹ́sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé agbaṣẹ́ṣe. Baba mọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà, nítorí òun ló ṣe kọ́kọ́rọ́ wọn.

Ó lọ ní ọjọ́ kejì. Yàrá kan ni, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún èèyàn nísàlẹ̀. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Lórí fèrèsé, bàtà ọmọdé méjì wà létòlétò. Tíṣà dúró ní gbogbo ìgbà tí Baba fi ń tú irin àtijọ́ jáde. Kò jókòó.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ilé wa.”

“Èmi ni.”

“Ẹ ṣe wọ́n dáadáa.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. “Tiwa yẹn, ti yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn sí, láti ìta nìkan ló ń tì.”

Ọwọ́ Baba dúró lórí tọ̀núbáìsì tó fi ń tú irin náà. Ó rántí. Agbaṣẹ́ṣe ló ní kó yí kọ́kọ́rọ́ yàrá kan padà, kí ihò rẹ̀ wà ní ìta, kí inú má ní nǹkan kan. Ó ní yàrá ẹrù ni. Baba kò béèrè irú ẹrù wo. Ó ṣe é, ó tọ eyín rẹ̀ sínú ìwé, ó kọ “yàrá ẹrù” sí abẹ́ rẹ̀.

“Tíṣà,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ẹ foríjì mí.”

“Ẹ bá mi ṣe èyí kó lè tì láti inú. Ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Tí mo bá ń ròyìn ilẹ̀kùn ẹnìkan fún ẹlòmíì, ta ni ì bá gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi?”

Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Nígbà tó padà dé ìsọ̀, ó rántí pé ọ̀rọ̀ inú Ìyẹ̀wù kò ní pẹ́ pa rẹ́, ó sì yára. Ó ṣí ìwé eyín sí ojú ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kẹta tó fi dánwò lé e, ó tọ eyín rẹ̀. Ó wo fóònù, ó da àdírẹ́sì náà kọ pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá, ó kọ “Tíṣà”, ó kọ ọjọ́. Ó ti ìwé mọ́ inú àpótí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó pé.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ni agbaṣẹ́ṣe tẹ orí ba, ó wọ ìsọ̀. Ọkùnrin oníwà jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó jókòó lórí àga oníbàárà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ilé ńkọ́?”

“Ilé ò sí. Ìyàwó mi ti kúrò láti ọjọ́ Ẹtì, òun àti ọmọ.”

“Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

“Kì í ṣe pẹ̀lẹ́ ni mo wá gbà.” Ó fa fóònù yọ. “Fóònù ìyàwó mi so mọ́ kọ̀ǹpútà mi ní ọ́fíìsì. Ó ti pẹ́. Ohun tó bá kọ, mo máa ń rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ sí i, mo máa ń gbọ́.”

Ó tẹ nǹkan kan, ohùn Baba sì jáde, ó kún abẹ́ àtẹ̀gùn: *Ẹ má sọ ọ́ síbí. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi kejì yẹn.* Baba kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dún bí ohùn olè.

“Kí ló wà níbi kejì, Bàbá?”

“Iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ wo ni kò ṣeé ṣe lójú gbogbo èèyàn? Àpótí kan wà ní yàrá mi. Ìwé ẹ̀rí ìyàwó mi wà níbẹ̀, àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Mo dé ilé, mo bá a ní ṣíṣí, inú rẹ̀ ṣófo. Wọn ò fọ́ ọ, wọn ò já a. Ta ló gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kejì?”

“Kì í ṣe èmi.”

“Kí lẹ wá gé fún un?”

Baba gbá èérún irin kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀.

“Ó rọrùn,” ni agbaṣẹ́ṣe wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Ẹ sọ ilẹ̀kùn tí ẹ ṣe fún mi, màá mọ̀ pé kì í ṣe àpótí mi. Tí ẹ ò bá sọ, a jẹ́ pé àpótí mi ni. Mo ti sọ fún alága ẹgbẹ́ yín. Ó ní kí ẹ gbé ìwé yín wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.”

Baba ránṣẹ́ pe Dókítà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí kò sọ fún ìyá rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ ti lọ, Bàbá. Ọlọ́run nìkan ló lè rí i mọ́. Mo sọ fún yín.”

“Mo mọ̀. Ìwé eyín wà.”

“Ìwé eyín kí ni?” Ojú Dókítà yí padà díẹ̀díẹ̀. “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé?”

“Ṣé mo ń gé kọ́kọ́rọ́ láì kọ ọ́ ni?”

“Àdírẹ́sì?”

“Àti nọ́ńbà yàrá.”

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún irin. “A ti gbogbo fèrèsé pa, ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Fóònù ni mo tún ṣe, mi ò tún bàbá mi ṣe.”

“Nítorí pé ó máa pa rẹ́ ni mo ṣe yára kọ ọ́.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ má tún un sọ mọ́.”

Wọ́n gbé ìwé náà sáàárín, wọ́n ń wò ó. Bí Baba bá fi ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún han ẹgbẹ́, orúkọ tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ yóò mọ́ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ wà níbẹ̀, eyín wà níbẹ̀, ẹni tó bá lójú yóò rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ti àpótí. Ojú ìlà kan náà ni yóò sì mú agbaṣẹ́ṣe gun àtẹ̀gùn ilé àwọn afọṣọ. Bó bá fa ewé náà yọ, nọ́ńbà yóò fò, wọn yóò ní ó jẹ̀bi. Bó bá da yíǹkì lé e, bákan náà ni. Dókítà ní kó fi han alága nìkan ní ìkọ̀kọ̀, àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́? Baba mi orí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni alága, gbogbo ilẹ̀kùn ilé tí agbaṣẹ́ṣe ń kọ́ ló ń kàn. “Ọ̀rẹ́ mi ni,” ni Baba wí. “Àmọ́ ó lọ́mọ márùn-ún.”

Ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó fi ń sun oorun àìbẹ̀rù láti ìgbà èwe ló wá di okùn mọ́ ọn lọ́rùn yìí. Ibi tó bá fà á sí ló ń fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ jókòó sórí pákó ní ṣẹ́ẹ̀dì gbẹ́nàgbẹ́nà. Agbaṣẹ́ṣe wà lórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ti fi ohùn Baba han gbogbo wọn, àwọn kan sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Púlọ́ńbà, tí kì í lè di ẹnu rẹ̀ mú, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

“Èmi bí ọmọ méje, kò sí ìyẹ̀wù kankan nílé mi tí mo lè fi ẹsẹ̀ mi sí. Baba ní tirẹ̀ nínú fóònù!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága fi òòlù kan pákó.

“Bàbá, ìwé dà?”

“Kò sí lọ́wọ́ mi.”

“Ó sọnù?”

“Kò sọnù. Ó wà nínú àpótí mi. N kò gbé e wá.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Alága sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ń gbọ́. “Baba, èmi àti ẹ̀yin ti jọ wà tipẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò jalè. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, kí n lè ràn yín lọ́wọ́. Ewé kan péré.”

“Alága, kọ́kọ́rọ́ ẹni tó wà nínú ìwé yẹn ju ti ẹnìkan lọ. N ò gé kọ́kọ́rọ́ àpótí ọ̀gá yìí. Ìyẹn ni mo mọ̀ sọ.”

“Ẹni tí kò ní nǹkan pamọ́ á ṣí ìwé,” ni agbaṣẹ́ṣe wí láti orí àga rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Fún odindi ọdún kan, Baba kò gbọdọ̀ gé kọ́kọ́rọ́. Púlọ́ńbà àti alága tẹ̀ lé e dé ìsọ̀, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ, wọ́n fi wáyà dì í, wọ́n sì tẹ èdìdì ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n yọ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Púlọ́ńbà kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tó ń jáde, ó fi orí gbá òrùlé, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá,” bí ẹni pé òrùlé ló ń bẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Baba ni kó máa pọ́n ọ̀bẹ, kó máa tún ìdè ilẹ̀kùn ṣe.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbé omi síwájú rẹ̀, kò lọ.

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ò fi nǹkan pamọ́ fún mi rí. Kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti tíṣà yẹn?”

“Ilẹ̀kùn ni.”

“Ilẹ̀kùn wo?”

Baba mu omi. Obìnrin tó ń bi í léèrè yìí máa ń bá àbúrò agbaṣẹ́ṣe kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Kì í ṣe òfófó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í lè purọ́. Ó gbé ife sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró díẹ̀ sí i, ó kó ife, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, “ẹ kú iṣẹ́” àti “oúnjẹ ti délẹ̀” ló ń bá a sọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agbaṣẹ́ṣe tún wá. Ó gbé ọ̀bẹ kan wá, ó ní kí Baba bá òun pọ́n ọn. Bí Baba ṣe ń pọ́n ọn, ojú ọkùnrin náà ń rìn nínú ìsọ̀ títí ó fi balẹ̀ sórí àpótí irin lẹ́yìn àga.

“Ibẹ̀ ló wà?”

Baba ń pọ́n ọ̀bẹ lọ.

“Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àpótí kì í ṣòro ṣí.” Ó gba ọ̀bẹ, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó dúpẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún mọ́, Baba rántí ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ síwájú àpótí kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí fọ́tò bí. Ó ṣí i. Ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún ní ìdí. Ó da epo ẹ̀rọ sí i, ó rún un mọ́ ọwọ́, ó sì fi í nu òkúta ìpọ́nbẹ, ó nu gbogbo irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì, títí pẹ́ńsù àti eyín àti àdírẹ́sì fi di ìṣù dúdú kan. Ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Kò rántí àdírẹ́sì náà pé pérépéré mọ́, inú rẹ̀ sì dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ fẹ́ gba ara rẹ̀ là lọ́la, kò ní ohun tí yóò fi ṣe é. Ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ fò ló kù sí i lọ́wọ́.

Oṣù méjì kọjá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ń gba iwájú ìsọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ìkòríta. Àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń wo fóònù wọn. Nínú Ọjà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ìyẹ̀wù dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọjọ́ Rú kan, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún un ní ìsọ̀. Ó ń kó abọ́ sílẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Láti Ìyẹ̀wù ni, nọ́ńbà tí Baba kò mọ̀.

*Bàbá, ẹnìkan sọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín fún mi. Èmi ni Tíṣà. Ẹnikẹ́ni ò gé kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn. Ọkọ mi ò tì í lọ́jọ́ náà. Ó ń kánjú, ó gbàgbé, mo sì kó ìwé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbàgbé nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé kí n jáde wá sọ fún wọn? Tí ẹ bá ní kí n wá, màá wá. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ṣe ń tì dáadáa. Láti inú.*

Baba kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ tí wọ́n gbà, ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n dì, ojú ìyàwó rẹ̀. Fóònù ìyàwó rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni, kò ju kí èèyàn ṣẹ́ ojú lọ. Bó bá yà á, ó gbọ́dọ̀ fi han ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá rí i, agbaṣẹ́ṣe yóò rí i. Yóò rí nọ́ńbà tuntun náà, yóò sì tún rí ohun tí yóò fi tọ ipasẹ̀ Tíṣà.

“Ta ni?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù méjì tó bi í ní ohunkóhun.

“Ẹnìkan tó ní ọ̀bẹ ni.”

Obìnrin náà wò ó. Ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi sínú àpò, ó ní kí oúnjẹ má tutù, ó sì lọ.

Baba gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kígbe. “Tíṣà, má wá. Jókòó síbi tó o wà. Má tún pè mí mọ́.” Ó dúró, kò mọ bóyá ọ̀rọ̀ kù. “Bá mi kí ọmọ.”

Ní ọjọ́ kejì, láti aago mẹ́rin ló ti gbé fóònù náà lé orí itan. Ọ̀bẹ oníbàárà méjì wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó tún un kà, ó dé “láti inú”, ó padà sókè. Ó tún ń kà á lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kúrò lábẹ́ ojú rẹ̀, tirẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Ojú fóònù funfun báláú.

Ó mú ọ̀bẹ àkọ́kọ́, ó wọ́n omi sí òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ẹnìkan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lókè orí rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó fetí sí ẹsẹ̀ náà títí ó fi dé ìsàlẹ̀, tó sì kọjá lọ.